Sípíríǹgì méjì fún ilẹ̀kùn gáréèjì: irin rẹ̀ dára, ọ̀pá rẹ̀ ni kò dára

Sípíríǹgì yìí, irin kíká tí wọ́n ń lọ́ kó lè bá yín gbé ìwúwo ilẹ̀kùn, sábà máa ń bá àwọn ilé Amẹ́ríkà tí gáréèjì wọn gba mọ́tò méjì mu. Wáyà rẹ̀ jẹ́ 0.250 íǹṣì, ihò inú rẹ̀ íǹṣì 2. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wọn òrùka 20 lára sípíríǹgì àtijọ́ tó wà lókè ilẹ̀kùn yín. Bó bá jẹ́ íǹṣì 5 géérégé, òun náà nìyẹn. Èyí tí wọ́n kun orí rẹ̀ ní pupa, apá òsì ilẹ̀kùn ló ń lọ, tẹ́ ẹ bá dúró nínú gáréèjì (ibẹ̀ ló ti ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú).

Ìgbà 10,000 ni wọ́n ní yóò ṣí tí yóò sì tì, nǹkan bí ọdún 7 fún ilé tó ń ṣí i lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́.

Àbùkù rẹ̀ ni ọ̀pá tí wọ́n fi ń lọ́ sípíríǹgì, èyí tó wà nínú páálí: ó tín-ín-rín, ó ń mì nínú ihò orí sípíríǹgì. Ẹ jù ú nù. Ọ̀pá irin ìdajì íǹṣì, gígùn íǹṣì 18, ni kẹ́ ẹ rà. Ẹni tó bá fi sukurudíráfà lọ́ ọ ń fi eyín ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́, torí bó bá yọ̀, ojú ló ń lọ tààrà.

Ẹ kọ́kọ́ yọ mọ́tò tó ń gbé ilẹ̀kùn kúrò lójú iná. Ilẹ̀kùn ẹsẹ̀ bàtà 7 ń gba ìlọ́ 30, tí ìlọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdámẹ́rin ìyípo. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ gbé e dé àárín. Bó bá ń já wálẹ̀, ẹ fi ìlọ́ ìdámẹ́rin kan kún un lápá méjèèjì.