Onísóólà méjì ló ti gun òrùlé ilé wa, ọ̀kan péré ni mo lè júwe fún yín

Ẹja ni mo ń tà, ẹja inú yìnyín, títù, kọ́tẹ̀, ṣáwá, pánlà, níwájú ilé wa ní Akóbò nílùú Ìbàdàn, torí náà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ iná kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáànù àti tẹlifíṣọ̀n nìkan o, owó mi ló wà nínú fíríísà yẹn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni mo ń tàn tẹ́lẹ̀, lítà epo kan ò tíì tó 200 náírà nígbà yẹn, àfi bí wọ́n ṣe kéde ní May 29, 2023 pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, kí á tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́ epo ti fò sókè sí nǹkan bíi 500. Kó tó di ìparí ọdún yẹn mo ti rí i pé èrè ẹja ni mo ń dà sínú táǹkì jẹnẹrétọ̀. Bí èmi àti bàbá àwọn ọmọ ṣe pinnu nìyẹn, mo kó àjọ, a wá onísóólà.

Ẹni àkọ́kọ́, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló mú un wá. Ọmọ náà mọ̀rọ̀ọ́ sọ, aṣọ ẹ̀ mọ́, ó ti pè mí ní "Mummy wa" lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó tó jókòó. Mo sọ fún un pé fíríísà kan, fíríìjì kan, fáànù mẹ́ta ló wà nílé, kò kọ nǹkankan sílẹ̀, kò bi mí pé báwo ni fíríísà ọ̀hún ṣe tóbi tó, kò tiẹ̀ wò ó, ojú ẹsẹ̀ ló ní "Ẹ fọkàn balẹ̀ Mummy, 3.5KVA máa gbé gbogbo ilé yìí, ẹ máa gbàgbé NEPA." Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti fura. Télọ̀ tó ń rán bùbá fún mi láti bí ọdún mẹ́wàá, ó ṣì máa ń wọn apá mi kó tó gé aṣọ.

1,250,000 náírà lowó ẹ̀, ó gba mílíọ̀nù kan nínú ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé òun ń lọ rajà ní Alábà. Kò sí rísíìtì ọjà kankan, bébà tóun fúnra ẹ̀ tẹ̀ ló mú wá. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tí wọ́n kọ 300W, ìyẹn wáàtì 300, sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, bátìrì olómi ńlá méjì, ìyẹn tubular 220Ah, pẹ̀lú ínfátà kan, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná tí ilé ń lò. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi parí ẹ̀, èmi náà wá ń yìn wọ́n pé wọ́n mọṣẹ́, mo tún se ìrẹsì fún wọn!

Ìgbà ọyẹ́ ni, oòrùn ń ràn, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn. Òjò ló tú àṣírí. Wọn ò wá ibi tí igi wà lábẹ́ páànù kí wọ́n tó lu ú, wọn ò sì fi rọ́bà sídìí ìṣó, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí wọ́dúróòbù, aṣọ òkè tí mo fi ṣe ìgbéyàwó àbúrò mi ló kọ́kọ́ gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn ni ínfátà bẹ̀rẹ̀ sí í ké pííì pííì láago kan òru, tó bá fi máa di aago mẹ́ta ó ti kú, mà á jí láàárọ̀ mà á bá omi ẹja nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Oṣù kẹrìnlá ni bátìrì méjèèjì kú pátápátá. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé bátìrì yẹn ń mu omi, pé omi distilled ló yẹ kí n máa bù sí i, pé kò sì yẹ kéèyàn máa lò ó kọjá ìdajì kó tó gba oòrùn padà, èmi ń lò ó gbẹ lálaalẹ́ bí ẹni ń fá ìkòkò ọbẹ̀. Níkẹyìn lọ́jọ́ Sunday kan a gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jóná, bírékà tó so mọ́ wáyà pánẹ́ẹ̀lì ti yọ́ mọ́ ara ògiri. Mo pè é, ó ní òun wà ní Abẹ́òkúta. Ọ̀sẹ̀ kejì ó ní òun wà ní Ìlọrin. Ìgbà tó yá fóònù ẹ̀ ò wọlé mọ́, ẹni tó mú un wá sílé wa sì ti ń bá ẹnu ọ̀nà kejì wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn kan ní kí n padà sọ́dọ̀ NEPA jàre. NEPA wo? Àdúgbò tí wọ́n ti ń rí i dáadáa, tí wọ́n kó sí Band A, 225 náírà ni wọ́n sọ yúníìtì kan dà ní April 2024, ohun tí wọ́n ń rà ní nǹkan bíi 68 tẹ́lẹ̀. Tiwa ò tiẹ̀ sí ní Band A, kò wọ́n, kò sì wá.

Ìgbà kejì yìí mo ṣe é bí ẹni tí ejò ti bù ṣán rí. Onísóólà mẹ́ta ni mo bá sọ̀rọ̀, mi ò sì kọ́kọ́ béèrè iye owó. Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé kí wọ́n fi ilé kan hàn mí tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní ó kéré tán ọdún kan sẹ́yìn, tó ti rí òjò, tó ti rí ọyẹ́. Ẹnìkan fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, fọ́tò tó ń dán, òrùlé tó wà nínú ọ̀kan nínú ẹ̀ mo lè búra pé kì í ṣe Nàìjíríà. Ẹnìkejì mú mi lọ sílé kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣe é, nylon ṣì wà lára ínfátà! Sóólà oṣù kan, ta ni ò ní yìn ín, èmi náà yin tèmi fún oṣù mẹ́ta. Ẹnìkẹta ló fún mi ní nọ́ńbà èèyàn méjì, ó ní "Màmá, ẹ lọ fúnra yín, mi ò ní tẹ̀ lé yín, kí wọ́n lè sọ tẹnu wọn."

Mo lọ sọ́dọ̀ ọ̀kan ní Ológunẹ̀rù, Alhájà kan ni. Wọ́n gbé omi fún mi, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ ọmọkùnrin náà fún mi, pé kì í dé lásìkò, pé ó dá wọn lóhùn pé wọn ò gbọ́dọ̀ tan ayọ́ọ̀nù lálẹ́, pé owó iṣẹ́ ẹ̀ wọ́n. Mo wá bi wọ́n pé tí nǹkan bá bàjẹ́ ńkọ́? Wọ́n ní "Á wá. Ó lè pẹ́ o, ṣùgbọ́n á wá." Ọdún kejì ni wọ́n wà lórí ẹ̀ nígbà yẹn, mo wo àjà wọn, kò sí àmì omi. Inú mi dùn sí ẹjọ́ tí Alhájà rò yẹn ju gbogbo ìyìn lọ, torí oníbàárà tí ò bá ní ẹ̀sùn kankan, ẹ̀gbọ́n onísóólà ni.

Ọjọ́ tí Ẹnjiníà yìí wá sílé wa (bí mo ṣe ń pè é nìyẹn, ó sì ní ìwé NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò, ó mú ojúlówó wá, mo rí orúkọ ẹ̀ níbẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ fi ti ẹlòmíì hàn mí nínú fóònù ni, èmi ò sì wo orúkọ), kò jókòó. Ó ní kí n fi pánẹ́ẹ̀lì hàn òun. Ó gun òkè, ó yọ tépù ìwọ̀n jáde, ó wọ̀n ọ́n. Mítà kan àbọ̀ ní gígùn, kò tó 70 sẹ̀ǹtímítà ní fífẹ̀. Ó ní "Màmá, 150W lèyí, ẹ má wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀." Ó ṣàlàyé fún mi pé pánẹ́ẹ̀lì tó dáa lóde òní, ibi tó gùn ní mítà kan tó fẹ̀ ní mítà kan lára ẹ̀ kì í sábà mú ju nǹkan bíi 200 sí 220 wáàtì jáde, ẹni bá ti ní tépù ò ní jẹ́ kí wọ́n fi páálí tàn án jẹ. Ó fi ọ̀bẹ họ wáyà tí wọ́n gbà láti orí òrùlé, inú ẹ̀ funfun, ó pọ́n lójú nìkan ni, aluminiọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò. Wáyà inú ilé lásán náà ni, oòrùn ti jẹ awọ ara ẹ̀, ó ti ń sán bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀.

Ti bírékà yẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Ó ní iná NEPA máa ń kú ó máa ń jí nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ojú wa ni ò rí i, torí náà ó rọrùn fún bírékà láti já a. Iná tó ń bọ̀ láti pánẹ́ẹ̀lì kì í kú rárá, gbọọrọ ló ń ṣàn, tí bírékà NEPA bá fẹ́ já a, sípáàkì á máa nà láàárín ẹ̀ títí á fi yọ́. Bírékà tiẹ̀ lọ́tọ̀, DC ni wọ́n ń kọ sí i lára. Ẹni tó ṣe tèmi fi ti NEPA síbẹ̀ torí ó dín owó.

Ìgbà yẹn ló wá wọlé, ó fi mítà kan tó ń wọn iná há wáyà fíríísà lẹ́nu, ó dúró títí ó fi ṣiṣẹ́ tó tún dákẹ́, ó sì ń kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé ọmọ ilé ìwé. Fíríísà ń jẹ wáàtì 150 tó bá ń ṣiṣẹ́, bí ìdajì ọjọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́, ìyẹn yúníìtì 1.8 lóòjọ́, yúníìtì tí ẹ ń rà sí mítà yín náà ni o. Fíríìjì, 1.2. Fáànù mẹ́ta fún wákàtí mẹ́wàá, 1.8. Kí á fi gílóòbù àti tẹlifíṣọ̀n kún un, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin wá jẹ́ 600W, oòrùn Ìbàdàn tó ní láárí kò ju bíi wákàtí mẹ́rin lọ lóòjọ́, ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀, 2.4, kó tó ṣòfò lójú ọ̀nà. Ó wò mí, ó ní "Màmá, yúníìtì méjì ló ń wọlé, mẹ́fà lẹ ń ná. Tó bá jẹ́ ọjà ẹja ni, ṣé ṣọ́ọ̀bù ò ní ti kógbá sílé?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí.

Ohun tó ní kí n rà ni pánẹ́ẹ̀lì 550W mẹ́fà, ínfátà 5KVA, bátìrì lithium 5.12 kWh kan (kWh kan ni yúníìtì kan). Gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú irin, wáyà àti owó iṣẹ́ jẹ́ 3,300,000 náírà, mo yá nínú ẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, mo ṣì ń san án. Kò gbowó ọjà lọ́wọ́ mi. Èmi àti ẹ̀ la jọ lọ rà á, orúkọ mi ló wà lára rísíìtì, ó ní kí n ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára bátìrì àti ínfátà torí wáráńtì. Owó iṣẹ́ 180,000, ó gba ìdajì, ìdajì tó kù mo san lẹ́yìn tí òjò ńlá méjì ti rọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn fa àríyànjiyàn díẹ̀ ṣùgbọ́n ó gbà níkẹyìn.

Pánẹ́ẹ̀lì gidi wà lọ́tọ̀ jàre, ó gùn ju mítà méjì lọ, kílò bíi 28 ni, ọkùnrin méjì ló ń gbé ọ̀kan gun àkàbà. Kò gbé e sí iwájú ilé níbi tí mo fẹ́ kí àwọn èèyàn ti máa rí i (ẹ dárí jì mí), ó ní òjìji igi máńgòrò á máa bọ́ sórí ẹ̀ láti aago mẹ́ta, tí òjìji bá bo ẹyọ kan, ó ń fa ìyókù sẹ́yìn. Ẹ̀yìn kíṣìnnì ló gbé e lọ, ó dojú kọ gúúsù, ó dagun díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Ó wá igi lábẹ́ páànù kó tó lu ìṣó. Ó ri irin bàbà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé nítorí àrá, ó bu omi sí i. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é.

Ẹ̀sùn tèmi náà rèé. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi pẹ́ sí ọjọ́ tó dá. Wáyà tó gba pálọ̀ kọjá ò wuyì, ó fi páìpù funfun bò ó, páìpù ọ̀hún wọ́. Nǹkan tó yẹ kó máa fi iye iná hàn mí lórí fóònù, oṣù méjì ni kò fi ṣiṣẹ́, ọmọ mi ọkùnrin ló padà tún un ṣe. Kì í gbé fóònù lọ́jọ́ Sunday, ẹ má wulẹ̀ pè é. Ó tún kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní so ẹ̀rọ tó ń fa omi mọ́ ọn lálẹ́, ọ̀sán nìkan ni, nígbà tí oòrùn bá mú, mo bínú nígbà yẹn.

August ọdún yìí, ìgbà tí ojú ọ̀run dúdú fún bí ọjọ́ márùn-ún gbáko, mo rò pé ó máa já mi kulẹ̀. Fáànù kan péré la pa, fíríísà ò dákẹ́. Ìgbà ọyẹ́ èmi fúnra mi ni mo ń fi omi àti fóòmù nu pánẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, eruku tó ń wá lára ẹ̀ á yà yín lẹ́nu.

Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin àtijọ́ yẹn, onígbàjámọ̀ tó wà níwájú wa ra méjì lọ́wọ́ mi. Ó gbé e yí padà, ó rí 300W, ojú ẹ̀ tàn. Mo ní "Ọmọ mi, 150 ni o, iye 150 ni kí o san fún mi," mo sì wọlé lọ mú tépù fún un.