Oṣù mẹ́ta tí mo fi sanwó fún àwọn tó ń sọ ẹṣin tí yóò yege

Láti oṣù kìíní títí di ìparí oṣù kẹta ọdún yìí ni mo fi ń san ₦2,500 lóṣooṣù fún àwọn kan tó ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ní gbogbo Sátidé, wọn á sọ bí ìdíje ẹṣin ọjọ́ náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí, wọn á sì dárúkọ àwọn ẹṣin tó ṣeé ṣe kó yege. Yorùbá ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ohun tó fà mí lọ síbẹ̀ nìyẹn. N kò ní dárúkọ wọn, torí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí pọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ sọ.

Télọ̀ ni mí ní Adó-Èkìtì. Tẹ́tẹ́ kò ṣàjèjì sí mi, bàbá mi ta púùlù títí ó fi darúgbó, èmi ni mo máa ń bá a mú bírò dání. Ẹṣin gan-an ni mi ò mọ̀. Ta ló mọ̀ ọ́n lọ́dọ̀ wa? Ilẹ̀ igbó àti òkè ni Èkìtì, eṣinṣin tsetse kì í sì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ nínú igbó láyé àtijọ́. Èyí tí mo bá fojú rí, ọjọ́ ìwúyè tàbí ìsìnkú olówó ni, wọ́n á ti fi ọkọ̀ gbé e wá láti òkè Ọya. Nítorí náà, mo nílò ẹni tí yóò là mí lọ́yẹ̀.

Wọ́n sì là mí lọ́yẹ̀ lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí n fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn kí n tó sọ ohun tó dùn mí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n mọ̀ jù. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ kọ́ wa pé kéèyàn tó wo orúkọ ẹṣin, kó kọ́kọ́ wo bí ilẹ̀ pápá ṣe rí lọ́jọ́ náà. Tí ilẹ̀ bá dá, tí kò le jù, tí kò sì rọ̀ jù, wọn á kọ ọ́ pé good. Tó bá gbẹ tó le, firm. Tí òjò bá ti rọ̀ ọ́, soft. Tó bá wá di ẹrẹ̀, heavy. Ẹṣin tó ń sá bí ẹ̀fúùfù lórí ilẹ̀ tó dá lè di èrò ẹ̀yìn pátápátá nínú ẹrẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ kan náà ló gbé wá. Ó tún sọ nípa Chester, pé pápá ibẹ̀ kéré, kò fi bẹ́ẹ̀ ju máìlì kan lọ téèyàn bá yí i po, ọwọ́ òsì ni wọ́n sì ń yí sí. Ẹṣin tí wọ́n bá fún ní nọ́ńbà kékeré nígbà tí wọ́n bá ń tò láti sáré, ẹ̀gbẹ́ inú ló máa wà, ọ̀nà rẹ̀ á sì kúrú ju ti àwọn tó wà níta lọ. Nínú ìdíje kúkúrú, ìyẹn nìkan lè tó.

Ọ̀sẹ̀ Cheltenham nínú oṣù kẹta ni mo gbádùn wọn jù. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ìdíje yẹn, ojoojúmọ́ ni ohùn sì ń wọlé. Ọkùnrin yẹn sọ pé òkè ni ibi tí wọ́n ti ń parí eré níbẹ̀. Ó ní, “Ẹ rántí ọ̀nà Èfọ̀n Aláayè. Ọkọ̀ tó bá ti lo gbogbo agbára rẹ̀ tán ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ṣé ẹ ti rí bó ṣe máa ń mí tó bá dé ìdí òkè?” Aṣọ ìgbéyàwó wà lábẹ́ ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Ẹni tó bá lè fi òkè wa ṣàlàyé òkè ọlọ́kè fún mi báyìí, owó rẹ̀ kò dùn mí.

Òun náà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka fọ́ọ̀mù. Àwọn nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹṣin, ipò tó mú nínú ìdíje tó ti sá ni, èyí tó wà lápá ọ̀tún pátápátá ni tuntun jù. 0 túmọ̀ sí pé kò sí lára mẹ́sàn-án àkọ́kọ́. F ni pé ó ṣubú. U ni pé ẹni tó gùn ún já bọ́. P ni pé agẹṣin rí i pé kò lè parí eré, ó fà á dúró. Ní báyìí, mo lè wo ìlà kan kí n sì mọ irú ẹṣin tó jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bàjẹ́ ni ibi tí wọ́n ti ń dárúkọ ẹṣin.

Sátidé kan nínú oṣù kejì, wọ́n mú ẹṣin kan, wọ́n ní bánkà ni, ìyẹn èyí tó dá wọn lójú jù pé yóò yege. Alẹ́ Jímọ̀ ni wọ́n ti gba ohùn náà sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ kà báyìí: 112P. Mo dé ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ lọ́sàn-án, ọmọkùnrin tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà níbẹ̀ gba bébà lọ́wọ́ mi, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, “Dádì, òjò ti rọ̀ lọ́hùn-ún o. Wọ́n ti yí ilẹ̀ yẹn padà sí heavy láti àárọ̀.” Mo wò ó dáadáa. Ilẹ̀ tó dá ni ẹṣin yẹn ti yege lẹ́ẹ̀mejèèjì. Inú ẹrẹ̀ ló ti gba P. Ohun tí àwọn gan-an kọ́ mi nìyẹn! Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn láti béèrè bóyá wọ́n ṣì dúró lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn. Mo gbára lé wọn, mo ta á. Ó ku odi méjì tí wọ́n máa fò kí eré parí nígbà tí agẹṣin fà á dúró. Nígbà tó di alẹ́ tí mo fẹ́ tún ohùn àárọ̀ yẹn gbọ́, wọ́n ti pa á rẹ́. Àwọn méjì tó yege lọ́jọ́ náà nìkan ló kù níbẹ̀, wọ́n fi àwòrán iná ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Ìyẹn ló dùn mí jù, ó dùn mí ju owó lọ. Kò sí ẹni tí ẹṣin kì í já kulẹ̀. Àmọ́ tí o bá ń pa àwọn tó pàdánù rẹ́, báwo ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lónìí ṣe máa mọ irú ẹni tí o jẹ́?

Láti ọjọ́ yẹn, mo gbé ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ, mo fa ìlà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tó ti kọjá, mo rí wọn kọ láti inú tíkẹ́ẹ̀tì tí mo tọ́jú. Ẹṣin 60 ni wọ́n fún wa lóṣù mẹ́ta, mo ta ₦500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦30,000 nìyẹn. 17 ló yege. Gbogbo ohun tó wọlé padà jẹ́ ₦25,650. Mo pàdánù ₦4,350, ẹ wá fi ₦7,500 tí mo san fún wọn kún un, ó di ₦11,850. Kí sì nìdí? Ẹṣin tí gbogbo ayé ti ń tẹ̀ lé ni wọ́n máa ń mú. Ẹṣin tó wà ní 2/1, ìyẹn tí ₦500 máa fi jèrè ₦1,000, ó gbọ́dọ̀ yege lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta kí owó rẹ tó dọ́gba, tiwọn kò sì tó bẹ́ẹ̀. N kò gbọ́ kí wọ́n sọ ìṣirò yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọn kò sì ṣàlàyé each way, ìyẹn tẹ́tẹ́ alápá méjì. Ní Cheltenham, mo fi ọgbọ́n òkè yẹn yan ẹṣin kan fúnra mi ní 8/1, ₦500 kó yege, ₦500 kó wà lára mẹ́rin àkọ́kọ́. Ipò kẹta ló mú, apá kejì san ìdá mẹ́rin 8/1, ìyẹn 2/1, mo gba ₦1,500. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Ọ̀rọ̀ aago náà tún wà níbẹ̀. Ní ìgbà òtútù, wákàtí kan ni aago wa fi ṣíwájú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di Sunday tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹta. Aago ọ̀hún ni wọ́n ń kà fún wa láìsọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ á dé ṣọ́ọ̀bù, á jókòó wákàtí kan gbáko.

Nígbà tí oṣù kẹta parí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pé kí n san ₦5,000, àwọn ti ní bánkà fún Grand National ní Aintree. Ẹṣin 34 ló lè wà nínú ìdíje yẹn, odi 30 ni wọ́n máa fò, ó sì ju máìlì mẹ́rin lọ. Ní 1967, ẹṣin kan tí agẹṣin rẹ̀ ti já bọ́ ṣáájú yà dí àwọn yòókù lọ́nà ní odi 23, ọ̀pọ̀ wọn rọ́ lu ara wọn, Foinavon tó ti wà lẹ́yìn tó jìnnà rí àyè gba àárín wọn kọjá, 100/1 ló fi yege. Bánkà nínú ìdíje báyìí kẹ̀? N kò san án.

Wọ́n ṣì ń fi ohùn ọ̀fẹ́ kúkúrú síta ní àárọ̀ Sátidé. Mo máa ń gbọ́ ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀, òjò àti pápá, kò sí ẹni tó ń ṣe é tó o ní Yorùbá tí mo mọ̀. Tó bá ti ní “ẹṣin tí a mú fún yín lónìí”, mo máa ń pa á níbẹ̀, kí n wá ṣí fọ́ọ̀mù kà fúnra mi.