Dísìkì tí kì í jẹ iná púpọ̀ nínú RAID ilé: ẹ tún ètò rẹ̀ ṣe kó tó wọṣẹ́

RAID ni kí dísìkì mélòó kan máa ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ẹyọ kan, kí dátà má bàa sọnù tí ọ̀kan bá bàjẹ́. WD Green, hard disk ti Western Digital, ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ara rẹ̀ ni ìwà irú dísìkì báyìí ti hàn jù. Nǹkan bí ìgbà 5,400 ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan, dípò 7,200. Kì í pariwo, kì í gbóná, iná tó ń jẹ sì fi bíi wáàtì méjì sí mẹ́ta kéré sí ti èyí tó ń sáré. Tí mẹ́rin bá wà nínú àpótí tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, wáàtì 10 tó dín kù á tó 87 kilowatt-hour lọ́dún. Àmọ́ ooru tó dín kù ni èrè tó wù mí jù, torí fáànù àpótí ilé kì í sábà lágbára.

Orí tó ń kà tó sì ń kọ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí Green bá ti jókòó fún ìṣẹ́jú àáyá 8 láìrí iṣẹ́, á gbé orí kúrò lórí àwo lọ síbi ìsinmi. Kò burú lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pa lálẹ́. Lórí sáfà Linux tí log (àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀rọ) ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá 30-30 ńkọ́? Orí á sinmi, wọ́n á jí i, á tún padà lọ sinmi: ìgbà 120 ní wákàtí kan, 2,880 lójúmọ́. Ìgbà 300,000 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ọ̀pọ̀ wọn lè fara dà, ọjọ́ 104 péré ló sì máa fi pé. Dísìkì ò ní kú lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ ń kọjá ibẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò sídìí tó fi yẹ kí ẹ máa ná ẹ̀mí rẹ̀ báyẹn.

Ẹ tẹ `smartctl -A /dev/sda`, (sda ni orúkọ dísìkì náà), á fi SMART hàn yín, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìlera tí dísìkì ń tọ́jú fúnra rẹ̀. Ẹ wo ìlà 193, Load_Cycle_Count, iye ìgbà tí orí ti lọ sinmi. Ẹ tún un wò lẹ́yìn wákàtí kan. Tó bá ti fò sókè ní ọgọ́rùn-ún, ẹ fi `idle3ctl -d /dev/sda` pa ìsinmi yẹn. Rẹ́bùútù nìkan ò tó o: ẹ gbọ́dọ̀ pa iná dísìkì náà pátápátá kó tó gbà.

Wàhálà kejì ló ń fọ́ RAID. Tí dísìkì tí wọn ò ṣe fún RAID bá kan ibi tí kò ṣeé kà, ó lè máa gbìyànjú rẹ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Linux kì í dúró ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ kó tó fipá tún un bẹ̀rẹ̀, RAID sì lè yọ odindi dísìkì dànù nítorí sẹ́kítọ̀ (ibi kékeré tí dátà ń wà lórí àwo) kan ṣoṣo. `smartctl -l scterc,70,70 /dev/sda` á ní kó jáwọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 7. Tí dísìkì ò bá gba àṣẹ yìí, ẹ fi `echo 180 > /sys/block/sda/device/timeout` mú kí Linux fún un láyè. Méjèèjì ń pa rẹ́ tí iná bá lọ, ẹ kọ wọ́n sínú script tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn.

Mi ò ní fi irú dísìkì yìí ṣe RAID 5, èyí tó lè fara da kí dísìkì kan ṣoṣo bàjẹ́. Tí ọ̀kan bá jáde, gbogbo ìyókù ni RAID máa kà látòkèdélẹ̀ láti tún un kọ, ìgbà yẹn gan-an ni ibi tó ti bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀ lára òmíràn máa ń yọjú. RAID 6 (tó lè fara da méjì) tàbí mirror (tí dátà kan náà wà lórí dísìkì méjì) ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi `echo check > /sys/block/md0/md/sync_action` yẹ gbogbo rẹ̀ wò lóṣooṣù (md0 ni orúkọ RAID náà).

Ẹ wo bóyá CMR ni (tí ìlà dátà kì í gun ara wọn) tàbí SMR (tí ìlà dátà ń gun ara wọn díẹ̀) kí ẹ tó rà. Ní oṣù kẹrin 2020, Western Digital fúnra wọn sọ ọ́ jáde pé SMR wà nínú àwọn WD Red kan láàárín 2TB sí 6TB. Ìkọ̀wé gígùn máa ń wọ́ SMR nílẹ̀ gan-an, iṣẹ́ tí RAID sì ń ṣe nìyẹn nígbà tó bá ń tún ara rẹ̀ kọ́. CMR ni Red Plus, òun ni mo máa mú lónìí dípò Green.

Ní ti ìlà SMART yòókù, tí 5 (sẹ́kítọ̀ tí dísìkì ti fi òmíràn rọ́pò) tàbí 197 (sẹ́kítọ̀ tí kò ṣeé kà dáadáa) bá ń gòkè, ẹ ti wá dísìkì mìíràn sílẹ̀. Tó bá jẹ́ 199 (àṣìṣe nínú dátà tó ń gba okùn kọjá) ló ń gòkè, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ okùn SATA.