A kó àwọn ọmọ lọ sí Frontier Culture Museum ní Virginia

Ilé lèmi àti màmá wọn ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa níwèé, torí ẹ̀ la ṣe wa mọ́tò lọ sí Staunton, ìlú tí mùsíọ́mù yìí wà ní Virginia, l'Amẹ́ríkà. Ẹ gbọ́, kì í ṣe mùsíọ́mù tí wọ́n to nǹkan sínú gíláàsì o! Oko gidi ni, ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Jámánì, ti Ireland pẹ̀lú ilé alágbẹ̀dẹ. Àmọ́ agboolé Igbo la ti pẹ́ jù, ilé amọ̀ olórùlé koríko, torí àwọn Igbo pọ̀ nínú ẹrú tí wọ́n kó wá sí Virginia láyé 1700 sókè, èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ wá ní "dádì, ṣé ilé bàbá àgbà nìyí?" Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú kẹ̀! Ẹ wọ bàtà tó rọrùn, ìrìn ibẹ̀ pọ̀ gan-an.