Kẹ̀kẹ́ oníjòkòó méjì tàbí kí kálukú gun tirẹ̀?

Tọkọtaya tó bá fẹ́ jọ máa gun kẹ̀kẹ́ ní Àbújá lè ra oníjòkòó méjì, tàbí kí kálukú ní tirẹ̀. Ṣéènì ló so pẹ́dàlì tí àwọn méjèèjì ń fi ẹsẹ̀ yí pọ̀ lórí oníjòkòó méjì, nítorí náà ẹni tó lágbára kò lè fi ẹnìkejì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ṣòro láti darí, bí wọ́n bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà olókùúta ní àdúgbò Mpape ní Àbújá, ìwúwo ènìyàn méjì yóò mú bíréèkì gbóná gan-an. Ẹni ẹ̀yìn kì í tilẹ̀ rí kòtò tó wà níwájú. Kẹ̀kẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣeé gbé sínú ọkọ̀, àmọ́ ẹni tó yára yóò máa dúró de èkejì. Bí agbára kò bá dọ́gba, tí ọ̀nà sì tẹ́jú, oníjòkòó méjì dára. Fún òkè olókùúta, kí kálukú gun tirẹ̀.