Mo ra headphone, PS4 mi ní òun ò mọ̀ ọ́n

Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni mí, aṣọ ni mò ń rán, Òkè-Àró nílùú Àkúrẹ́ níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, géèmù bọ́ọ̀lù sì ni mo fi ń sinmi lálẹ́. Bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn ọmọ ti jẹun, tí wọ́n ti sùn, páàdì, ohun tí a fi ń darí géèmù, ló máa ń kù tí màá mú lọ́wọ́. PS4 tòkunbọ̀ ni, PlayStation 4, ẹ̀rọ géèmù tí Sony ṣe. Ọkọ mi ló rà á fún ara rẹ̀ ní 2019. Ẹ má bi mí ta ló ń lò ó báyìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ headphone ti wọ̀ ọ́ nìyí. Nígbà tí mo bí èyí tó kéré jù, ìyá ọkọ mi wá láti Ìdànrè láti bá mi wẹ ọmọ. Yàrá kan àti pálọ̀ là ń gbé. Pálọ̀ ni tẹlifíṣọ̀n wà, pálọ̀ náà ni Màmá ń sùn, lórí àga gígùn. Mo dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù títí ó fi kù díẹ̀ kí èmi gan-an má gbọ́ nǹkan kan mọ́. Síbẹ̀, bí bọ́ọ̀lù bá ti wọ àwọ̀n, tí àwọn èrò orí pápá hó, ọmọ inú yàrá á hó tiẹ̀. Màmá ò sọ̀rọ̀. Wọ́n á kàn yíra padà lórí àga, wọ́n á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ní ìyá ọkọ nílé mọ ohun tí ikọ́ yẹn ń wí.

Bí mo ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì ńlá nìyẹn. N kò ní dárúkọ wọn. Mo ra headphone tí kì í lo wáyà, irú ńlá tó máa ń bo etí mọ́lẹ̀, ₦19,000. Mo bi ọmọkùnrin tó ń tajà pé ṣé ó máa bá PlayStation ṣiṣẹ́. Ó ní, “Mọ́mì, kò sí ohun tó ní Bluetooth tí kò ní gbé e.” Mo gbà á gbọ́. Bí ẹ bá bi mí iye ọ̀pá tó máa tó bùbá àti ìró, mo mọ ìyẹn. Ti Bluetooth, tí ẹ̀rọ fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ láìsí wáyà, kọ́.

Mo délé, mo dúró de alẹ́. Mo wọ Settings, mo wọ Devices, mo wọ Bluetooth Devices. Orúkọ headphone yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, inú mi dùn. Mo tẹ X. PS4 wá kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé òun kì í gba ohun èlò olóhùn tó ń lo Bluetooth. Mo pa á, mo tún un tàn. Ó tún sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi gba páàdì lọ́wọ́ mi, bí àwọn ọkùnrin ṣe máa ń gbà á, bíi pé ọwọ́ mi ni kò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní òun ń lọ sùn.

Nígbà tí mo dá headphone padà lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ọjà tí a bá ti já ọ̀rá ara rẹ̀, àwọn kì í gbà á padà. Ó dáa.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, ló là mí lójú. Bluetooth wà nínú PS4 lóòótọ́, òun náà ni páàdì fi ń bá a sọ̀rọ̀, àmọ́ Sony kò ṣí i sílẹ̀ fún headphone. PS5 tó jáde ní 2020 náà, bákan náà. Kódà headphone tí Sony fúnra rẹ̀ ṣe fún PlayStation, èyí tí kò ní wáyà, adáptà kékeré kan ló ń bá a wá nínú páálí, tí èèyàn máa kì bọ ihò USB. Xbox, ẹ̀rọ géèmù Microsoft, tí òun ń lò níléèwé tún le ju tiwa lọ, kò gba headphone Bluetooth rárá, ọ̀nà tiẹ̀ lọ́tọ̀ ló ń gbà. Nintendo Switch nìkan ló gbà, òun náà sì pẹ́: 2017 ló dé ọjà, oṣù kẹsàn-án 2021 ni wọ́n tó fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ sí i tó fi lè gba headphone, síbẹ̀ kò gba gbohùngbohùn tó wà lára headphone náà, bí headphone bá sì wà lórí rẹ̀, páàdì kò lè ju méjì lọ. Mo ní kí ló wá dé tí ọmọ tó ta ọjà fún mi kò mọ̀. Ó ní, “Àǹtí, ẹni tó ń tajà kì í ṣe ẹni tó ń gbá géèmù.”

Òun ló ní kí n lọ bá ọ̀rẹ́ òun kan ní South Gate, ẹnu ọ̀nà FUTA kan. Ọ̀rẹ́ náà ń tún páàdì ṣe, ó ní tábìlì kékeré kan lábẹ́ agboòrùn, páàdì tí wọ́n ti tú nífun kún orí rẹ̀ bí ẹja tí wọ́n ń dá. Ọmọ yìí ni mo torí ẹ̀ ń kọ gbogbo èyí. Kó tó sọ iye ọjà fún mi, ìbéèrè mẹ́ta ló bi mí. Èkíní, irú PS wo ni? Èkejì, ṣé tẹlifíṣọ̀n yín ní Bluetooth? (Bí ó bá ní in, kò sídìí láti ra nǹkan kan, headphone á kàn bá tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tiwa ò ní in, tòkunbọ̀ lòun náà.) Ẹ̀kẹta, ṣé headphone yín ní ihò wáyà? Mo ní n kò mọ̀. Ó ní kí n lọ wò ó ná. Mo ní rárá, mo ti san owó takisí, ẹ fún mi lóhun tó máa ṣiṣẹ́. Ẹ fi ìbéèrè kẹta yẹn sọ́kàn.

Adáptà Bluetooth ló tà fún mi. Kò tóbi ju ìlàjì àtàǹpàkò lọ. Ó pè é ní ₦14,000, mo ná an dé ₦12,000. Kí n tó sanwó, ó ki adáptà náà bọ PS4 tirẹ̀, ó fi headphone sí etí mi kí n gbọ́ ọ. Mélòó nínú wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Àkúrẹ́?

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí, nítorí ìwé tó wà nínú páálí rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè kà á láìfi awò ńlá wò ó. Ẹ ki adáptà bọ ihò USB iwájú PS4. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí iná rẹ̀ á fi máa ṣẹ́jú kíákíá. Ẹ tan headphone, ẹ di bọ́tìnnì tiẹ̀ náà mú kó lè máa wá ẹnìkejì. Ẹ gbé àwọn méjèèjì súnmọ́ra. Bí iná adáptà bá ti dúró gbọin, wọ́n ti mọra nìyẹn. PS4 kò mọ̀ pé Bluetooth ni, headphone oní-USB ló rò pé ẹ kì bọ òun. Ẹ̀tàn gbáà ni, ó sì dùn mọ́ mi.

Ṣùgbọ́n ní alẹ́ àkọ́kọ́, iná dúró gbọin, etí mi dákẹ́ lọ́ọ́lọ́ọ́. Mo ti ń to èpè pọ̀ fún ọmọ South Gate kí n tó rántí pé ó ní kí n wọ Devices, kí n wọ Audio Devices, kí n wo ibi tí wọ́n kọ Output to Headphones sí. Ó ti wà lórí Chat Audio, èyí tí kì í gbé ju ohùn àwọn tí ẹ bá ń bára yín sọ̀rọ̀ lọ. Mo yí i sí All Audio. Gbogbo èrò orí pápá ya wọ inú orí mi. Tẹlifíṣọ̀n dákẹ́. Ọmọ ń sùn. Màmá ń hanrun. Mo gbá bọ́ọ̀lù títí di aago méjì òru, mo sì gé aṣọ oníbàárà kan ní ìgékúgèé lọ́jọ́ kejì. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ adáptà.

Ó tó ọjọ́ kẹta kí n tó fura sí àléébù rẹ̀. Ohùn ń pẹ́ dé. Ṣé ẹ ti dúró lókèèrè rí, tí ẹ ń wo ẹni tó ń gúnyán? Ọmọ odó á ti balẹ̀, á tún ti gòkè, kí ẹ tó gbọ́ “gbì”. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bọ́ọ̀lù á ti kúrò lẹ́sẹ̀ kí n tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ìdádúró náà kò pọ̀, ti Bluetooth lásán lè tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Nínú bọ́ọ̀lù, ojú ni mo fi ń gbá a, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ọkọ mi tó ń gbá géèmù oníbọn ní kí n gba nǹkan mi o: òun ti kú tán kí òun tó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó pa òun.

Wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí adáptà pé ohùn kì í pẹ́ dé. Mo gbé e padà lọ bi ọmọ South Gate. Ó ní irọ́ kọ́, àbọ̀ òótọ́ ni. Adáptà gbọ́ èdè kan tó yá, aptX Low Latency, tí ìdádúró rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 40 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Headphone mi ò gbọ́ ọ. SBC, èdè gbogboogbò tí gbogbo headphone Bluetooth ń sọ, nìkan ló gbọ́. Bí ẹnì kan bá gbọ́ èdè méjì, tí ẹnìkejì sì gbọ́ ẹyọ kan, èdè ẹni tó gbọ́ ẹyọ kan ni wọ́n máa sọ.

Mo gbọ́dọ̀ yìn ín níbi ọ̀rọ̀ iná o. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí wọ́n dá a padà, tàbí tí a tan jẹnẹrétọ̀, kò sí pé à ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀, àwọn méjèèjì á wá ara wọn rí. Ó máa ń gbóná díẹ̀, kò tó nǹkan. Ohun tí n kò fẹ́ ni bó ṣe yọ síta níwájú PS4 bí ahọ́n. Ọmọ mi kejì ti forúnkún gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ díẹ̀, ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ọmọ kejì yìí kan náà ló tú àṣírí ìyókù. Mo ń gbálẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, mo rí ọkọ̀ tó fi páálí sàdíìnì ṣe, ó ń fi wáyà dúdú kan wọ́ ọ kiri ilé. Ẹnu wáyà náà tinrín, ó ń dán. Mo ní níbo lo ti rí èyí? Ó ní inú páálí headphone mọ́mì ni. Mo yí headphone síbí, mo yí i sọ́hùn-ún: ihò kan rèé nísàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń ṣájì í. Mo ki ẹnu kan bọ ibẹ̀, mo ki ìkejì bọ ihò abẹ́ páàdì. All Audio. Ohùn dé wàì, ẹsẹ̀ àti bọ́ọ̀lù jọ dún pọ̀. Kò pẹ́ dé rárá. Headphone kò tilẹ̀ nílò kí n tàn án. Ohun kan ṣoṣo tó ná mi ni pé bátìrì páàdì ń tètè tán.

₦12,000 mi. Ìbéèrè kẹta.

Síbẹ̀ n kò ní bú adáptà. Bí tiyín bá jẹ́ irú kékeré tí wọ́n ń kì bọ etí, tí kò níhò wáyà, òun lẹ máa rà, kí ẹ wò ó bóyá ó gbọ́ aptX Low Latency kí ẹ tó fowó sílẹ̀. Bí ó bá níhò, ẹ lọ tú páálí wò. Headphone fúnra rẹ̀ ò burú, ìlù ń dún nínú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n nínú ooru oṣù kẹta, etí máa ń làágùn nínú rẹ̀ bíi mọ́ínmọ́ín inú ewé.

Mo ní “ò burú” bíi pé ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ní ọ̀sẹ̀ tí Màmá fẹ́ padà, mo so ó mọ́ fóònù wọn kí wọ́n fi gbọ́ orin ìyìn. Ìṣẹ́jú kan ò pé tí wọ́n fi mọra, kò sí adáptà, kò sí wàhálà. Màmá jókòó, wọ́n dijú, wọ́n ń mi orí. Wọ́n ní, “Ìyàwó, nǹkan yìí dáa o.” Kí ni mo lè sọ? Headphone ti wà ní Ìdànrè báyìí.

Adáptà ṣì wà níwájú PS4, bí mo bá ti tàn án, iná rẹ̀ á máa ṣẹ́jú, ó ń wá a. Ọkọ mi ní òun á ra òmíràn lóṣù tó ń bọ̀. Mo ní kó má ra èyíkéyìí láìjẹ́ pé ó fi ojú ara rẹ̀ rí ihò abẹ́ rẹ̀.