Ère Genghis Khan ní Tsonjin Boldog: ìràwọ̀ mẹ́rin, awakọ̀ ló jẹ ìkarùn-ún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bi mí bóyá ère Genghis Khan, ọba ajagun tó dá ilẹ̀ ọba Mongol sílẹ̀, tó ohun tí èèyàn ń náwó lọ wò, ẹ lọ, àmọ́ ẹ fara balẹ̀ yan awakọ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ lèyí tí mo háyà ní Ulaanbaatar, olú ìlú Mongolia, ní òun máa dé. Aago mẹ́wàá kọjá kó tó yọjú, kò bẹ̀ mí, ó tún ní kí n fowó kún owó torí pé ọ̀nà jìn. Kìlómítà 54 péré!

Ère yẹn kọjá ohun tí fọ́tò lè gbé. Láti òkèèrè, nǹkan kan á kàn máa dán yinrin láàárín pápá gbalasa. Ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀, ẹ ó rí i pé ọkùnrin kan ló gẹṣin, òun àti ẹṣin jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, tọ́ọ̀nù 250. Ó ga tó mítà 40, láìka ilé tó dúró lé, tí òpó 36 yí ká, òpó kan fún ọba kọ̀ọ̀kan láti orí Genghis dé orí Ligdan tó jẹ kẹ́yìn. Wọ́n ní ibẹ̀ ni Genghis ti he pàṣán wúrà. Ìlà-oòrùn ló kọjú sí, níhà ibi tí wọ́n bí i sí.

Ẹ̀rọ agbéniròkè wà, àmọ́ ẹ ṣì máa gun àtẹ̀gùn gba inú ọrùn ẹṣin kọjá. Orúnkún mi ń ké. Mo yọ sórí ẹṣin, atẹ́gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ já gèlè mi lọ, mo wá yíjú padà: ojú Genghis rèé, gbàgàdà, ó ń wò mí bí ẹni tí mo jẹ lówó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú kóòtù dání.

Obìnrin ará Ìráànì kan tá a jọ pín owó ọkọ̀ kò bá mi gòkè. Nishapur ni wọ́n ti bí i, ìlú tí ọmọ ogun Genghis pa run ní 1221. "Ẹ máa lọ, màá mu tíì" lohun tó sọ, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ará Mongolia náà kò fìgbà gbogbo lómìnira láti yin Genghis. Ní 1962, tí wọ́n fẹ́ ṣe ayẹyẹ 800 ọdún tí wọ́n bí i, òṣèlú tó wà nídìí ẹ̀ pàdánù ipò rẹ̀, torí àwọn Rọ́ṣíà, tí ọ̀rọ̀ wọn ló ń ṣẹ ní Mongolia nígbà yẹn, ò fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn sétí. Ní 2008 ni wọ́n parí ère yìí. Pápá ọkọ̀ òfuurufú tuntun tí mo sọ̀ kalẹ̀ sí, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́. Ọtí líle ń jẹ́ ẹ. Owó wọn láti 500 tögrög dé 20,000, ojú rẹ̀ ló wà lára wọn. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di ìtàn àtijọ́, kó lọ ra omi inú ike níbẹ̀.

Nígbà tá a padà dé òtẹ́ẹ̀lì, a san owó tí awakọ̀ ní ká fi kún un yẹn, ariwo ti sú mi. Awakọ̀ na ṣẹ́ńjì sí obìnrin náà, 5,000 kan. Ó wo ojú tó wà lára ẹ̀, ó ká a kí ojú náà lè wà nínú, ó sì tì í bọ àpò.